Ojú Irin Tí Ó Gba Glei Kọjá: Ìrántí Òṣìṣẹ́ Tí Ó Jẹ́ Baba Ilé

Nígbà tí àgbà òṣìṣẹ́ kan bá fi ayé sílẹ̀, ohun méjì ni àwọn tí ó wá kí ẹbí rẹ̀ máa ń sọ. Èkíní ni pé kò fi iṣẹ́ ṣeré rí. Èkejì ni pé kò jẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọwọ́ tí ó di òòlù mú ní àárọ̀ náà ni ó gbé àpò àgbàdo wọlé ní alẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rántí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dáadáa kò gbọdọ̀ ya iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ilé rẹ̀.

Ní Glei, ní agbègbè Atakpamé, iṣẹ́ ojú irin wà lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó mú owó oṣù dé àárín àwọn àgbẹ̀. Ọ̀nà irin tí ó ti Lomé lọ sí Blitta gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti wà níbẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn sọ̀rọ̀ nípa àwọn gómìnà tí ó pàṣẹ pé kí a ṣe é. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn gbé irin náà kalẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́ kí ọkọ̀ má baà yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Bí ojú irin ṣe dé

Àwọn ará Jámánì ni ó ń ṣàkóso Togo nígbà tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti Lomé lọ sí Aného ní etí òkun, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1905. Ọ̀nà kejì lọ sí Kpalimé ní ọdún 1907, nítorí kòkó ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ó kan àwọn ará Glei. Ó gba Tsévié àti Notsé kọjá, ó kọjá lórí odò Chra ní ẹ̀gbẹ́ Wahala, ó dé Glei, ó sì dé Agbonou, ní ẹnu ọ̀nà Atakpamé, ní ọdún 1911. Òwú ni ìjọba fẹ́ fi ọ̀nà yìí kó lọ sí èbúté Lomé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọ̀nà òwú.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ yìí ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó fi ìfẹ́ ara wọn wá. Láti ọdún 1907, òfin àwọn ará Jámánì ní kí ọkùnrin tí ó ti dàgbà san máàkì 6 lọ́dún gẹ́gẹ́ bí owó orí, tàbí kí ó fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ẹni tí kò ní owó fi agbára rẹ̀ san án. Wọ́n gé igbó, wọ́n la ilẹ̀, wọ́n ru òkúta, wọ́n sì gbé irin sí èjìká. Àgbẹ̀ tí wọ́n mú lọ ní àkókò ìgbìn padà sí oko tí koríko ti bò. Ìyàwó rẹ̀ ti dá ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ní ọdún 1914, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì dé ojú irin yìí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tẹ̀ lé ojú irin láti etí òkun gòkè wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ, ìjà líle wáyé ní odò Chra. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, àwọn ará Jámánì ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà. Ibojì àwọn ọmọ ogun tí ó kú nínú ìjà náà wà ní Wahala títí di òní. Àwọn tí ó gbé ojú irin náà kalẹ̀ kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn ogun, àkóso bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìjọba tuntun fa ojú irin náà gùn sí àríwá, ó sì dé Blitta ní ọdún 1934. Láti Lomé dé Blitta jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 276. Fún iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin jáde láti ilé wọn, pàápàá láti ilẹ̀ àwọn Kabiyè ní àríwá. Ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 kí òfin tó fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Félix Houphouët-Boigny, aṣojú Côte d'Ivoire ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe òfin náà.

Iṣẹ́ tí ojú kò rí

Èrò inú ọkọ̀ máa ń rí ẹni tí ń wa ọkọ̀ àti ẹni tí ń gba ìwé ìrìnnà. Kì í rí àwọn tí ń tọ́jú ọ̀nà. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà.

Láàárín irin méjì ojú ọ̀nà yìí, mítà kan gééré ni. Bí ó bá fẹ̀ jù tàbí bí ó bá há jù, ọkọ̀ lè ṣubú. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wò ó. Abẹ́ irin gígùn méjèèjì ni àwọn ìdábùú wà, àwọn ni ó so wọ́n pọ̀. Abẹ́ ìdábùú ni òkúta wẹ́wẹ́ wà. Òkúta wẹ́wẹ́ yìí ń jẹ́ kí omi òjò ṣàn lọ, kò sì jẹ́ kí ìdábùú rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, òkúta náà ń sún kúrò ní ipò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, omi ń wọ́ díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni ó ń kó o padà, tí ó sì ń fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kì í mọ́ abẹ́ ìdábùú, mítà kan tẹ̀ lé mítà kan.

Oòrùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Irin máa ń gùn díẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, ó sì máa ń súnkì nígbà tí ó bá tutù. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ níbi tí irin méjì ti pàdé. Ẹni tí kò bá fi àyè náà sílẹ̀ yóò rí i pé irin ti wọ́ ní ọ̀sán gangan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú irin kà. Wọ́n máa ń fi òòlù lu irin, wọ́n á sì fi etí sílẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ró gooro, irin náà yè. Bí ohùn rẹ̀ bá dàbí ti ìkòkò tí ó là, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti tú tàbí pé nǹkan ti là nínú rẹ̀. Ìmọ̀ ni èyí. Ọdún púpọ̀ ni ó ń gba ènìyàn kí ó tó mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ àgbà iṣẹ́ ni a sì ti ń kọ́ ọ.

Ìdájí ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ni ó máa ń di àsíá pupa mú, tí ó sì ń ṣọ́ ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè láti òkèèrè, gbogbo wọn á gbé irinṣẹ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Owó oṣù wọ ilé

Nígbà tí oṣù bá parí, owó tí òṣìṣẹ́ gbà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní iye, ó sì ní ọjọ́. Ohun tuntun ni èyí jẹ́ nínú ìletò tí gbogbo ènìyàn ń dúró de ìkórè. Àgbẹ̀ kò mọ iye tí òwú rẹ̀ yóò mú wọlé kí ó tó tà á. Òṣìṣẹ́ ojú irin mọ iye tí yóò mú wọlé, nítorí náà ó lè ṣèlérí. Ó lè sọ pé ní oṣù yìí òun yóò san owó ilé-ìwé ọmọ, pé ní oṣù tí ń bọ̀ òun yóò ra páànù mẹ́ta, títí òrùlé yóò fi parí.

Ìlérí náà kò kan ọmọ tirẹ̀ nìkan. Àbúrò fẹ́ kọ́ṣẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ lọ sí ilé-ìwé, ìyá ń ṣàìsàn ní abúlé. Ojú ẹni tí ó ní owó oṣù ni gbogbo wọn ń wò. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tún máa dá oko iṣu àti àgbàdo ní ọjọ́ ìsinmi. Owó nìkan kò tó.

A kò sì gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ni ó gbé ilé ró. Ní gbogbo ibùdókọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ, èso àti omi wá fún àwọn èrò. Owó tí ìyàwó òṣìṣẹ́ bá pa níbẹ̀ ni a fi ń ra iyọ̀ àti ọṣẹ nígbà tí owó oṣù bá ti tán. Nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí apá mìíràn lójú irin, òun ni ó ń ṣe ìyá, òun ni ó ń ṣe baba. Ẹni tí ó bá ń yin òṣìṣẹ́ tí kò bá yin ìyàwó rẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó sọ.

Ṣé baba ilé kọ́ ni?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà béèrè lọ́wọ́ ìjọba Faransé. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ kì í ṣe baba ilé ni? Nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó ti Faransé wá ń gba owó oṣù rẹ̀, ó sì tún ń gba owó ìrànwọ́ lórí ọmọ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún adúláwọ̀. Lójú wọn, ẹbí òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ wà ní abúlé, oko ni ó sì ń bọ́ ọ. Apá ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ènìyàn tí ó ní ilé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ náà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ibrahima Sarr, òṣìṣẹ́ ojú irin ará Senegal, ni ó ṣíwájú wọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 òṣìṣẹ́ ni ó kan, láti Dakar dé Bamako, ní Côte d'Ivoire, àti ní ilẹ̀ Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí, níbi tí ojú irin Cotonou ti gba Savè kọjá lọ sí Parakou. Wọ́n fẹ́ kí òfin iṣẹ́ kan ṣoṣo wà fún gbogbo òṣìṣẹ́, funfun àti dúdú.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gùn ju oṣù márùn-ún lọ. Àwọn ará Côte d'Ivoire padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1948, ṣùgbọ́n àwọn yòókù dúró títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Báwo ni wọ́n ṣe jẹun nígbà tí owó oṣù dúró? Ẹbí ni ó bọ́ wọn. Oúnjẹ wá láti abúlé, àwọn obìnrin sì wá ohun tí wọn yóò tà. Òwe ilẹ̀ wa sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹbí tí àwọn ọ̀gá sọ pé kò kan owó oṣù náà gan-an ni kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ túúbá. Ousmane Sembène, òǹkọ̀wé ará Senegal, gbé ìtàn kan ka orí ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1960, àwọn obìnrin sì ní ipò ńlá nínú rẹ̀.

Ní ìparí, owó oṣù wọn lọ sókè, a sì gba ọ̀pọ̀ jùlọ wọn padà. Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ní ọdún 1950, òfin tí a fi orúkọ Lamine Guèye pè fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, títí kan owó ìrànwọ́ lórí ọmọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952, òfin iṣẹ́ tuntun jáde fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Ó fi wákàtí iṣẹ́ sí 40 lọ́sẹ̀, ó sì fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí a sanwó rẹ̀. Òfin kan náà ni ó la ọ̀nà fún owó ìrànwọ́ lórí ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ní àkókò yẹn ni òfin tó gbà pé òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ náà jẹ́ baba ọmọ.

Ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ikú

Nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dára, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì pọ̀, agbára ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ọkọ̀ èrò láti Lomé lọ sí Blitta ti dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Datcha, lẹ́bàá Atakpamé. Àwọn mìíràn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Lomé.

Iṣẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ ṣì wà: lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá kú, ta ni ó mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, ta ni ó sì mọ̀ pé ó ní ilé?

Ní Togo lónìí, àjọ CNSS ni ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Lábẹ́ òfin ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2011, ọ̀gá iṣẹ́ gbọdọ̀ forúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń yọ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀gá iṣẹ́ náà sì ń dá tirẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá pé ọmọ ọdún 60, tí a ti san owó náà fún un fún oṣù 180, èyí tí í ṣe ọdún 15, lè gba owó ìfẹ̀yìntì títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ó bá kú, opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í dá rìn wá sí ilé. Ìwé ni ó ń mú un wá. Opó tí ó bá dé ọ́fíìsì pẹ̀lú omijé nìkan yóò padà sílé láìrí nǹkan gbà. Wọn yóò béèrè nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ní CNSS. Wọn yóò béèrè ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ. Bí orúkọ tí ó wà lórí ìwé iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí ìwé ìbí, ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá jẹ́ kí ikán jẹ ìwé owó oṣù, ó ṣòro láti fi hàn pé ọdún 15 pé.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìrántí kì í ṣe ti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà láàyè ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àjákọ kan tó. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí ìwé ìbí rẹ̀. Kí a kọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ti ṣiṣẹ́, oṣù àti ọdún tí ó wọlé, oṣù àti ọdún tí ó jáde. Kí a kọ nọ́ńbà CNSS rẹ̀. Kí a kọ orúkọ ìyàwó àti orúkọ gbogbo ọmọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí wọn. Kí a kó gbogbo ìwé owó oṣù sínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ènìyàn méjì nínú ilé sì mọ ibi tí ó wà.

Lẹ́yìn èyí, ojú ewé ṣì wà tí kò kan owó. Kí a bi àgbà náà léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ohun tí ó fi owó oṣù àkọ́kọ́ rà. Kí a bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bí ó ṣe ń bọ́ ilé nígbà tí owó kò dé. Kí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún.

Ní Glei àti ní ìlú mìíràn lójú irin, àwọn àgbà tí ó rántí ohùn fèrè ọkọ̀ èrò ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ti mọ ìwé kà báyìí, wọ́n sì lè kọ ọ́. Gbólóhùn kan lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní alẹ́ òní: Baba, ọdún wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?